Ère Ìbejì àti Ìrántí Ẹbí

Bí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, ohun tí àwọn àgbà ilé máa ń fi tù ú nínú ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ó ń sọ fún ìyá náà pé orísun ọmọ ṣì wà ní ara rẹ̀, kí ó má ṣe fi ẹkún ba agbè jẹ́ nítorí omi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ilé á pa ẹnu mọ́. A kì í ṣe òkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ń dárúkọ rẹ̀ ní etígbọ̀ọ́ ìyá rẹ̀, ìkà ni wọn yóò pè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìbejì ni a bí, tí ọ̀kan lọ tí ọ̀kan kù, ọ̀rọ̀ omi àti agbè kò tó mọ́. Yorùbá tí ó ní kí ìyá ọmọ kan ṣoṣo gbàgbé ni ó tún ní kí ìyá ìbejì má gbàgbé láéláé. Wọn á rán an lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo, babaláwo á rán an lọ sí ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére. Ọjọ́ tí ère bá wọlé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tí ó wà ní ìdí ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro láti rí. Ẹ̀mí àwọn ìbejì so pọ̀ ní ojú Yorùbá. Bí èyí tí ó lọ bá rí i pé a pa òun tì, ó lè pe èyí tí ó kù mọ́ra. Nítorí náà, ìtọ́jú èyí tí ó lọ ni ààbò fún èyí tí ó wà. Àwọn kan á sọ pé ẹ̀rù ni gbogbo rẹ̀, pé bí ẹ̀rù bá ti kúrò, ère di igi lásán. Àlàyé náà kúrú jù. Ẹ̀rù lè mú ènìyàn rúbọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣòro kí ó mú un wẹ ère, kí ó kùn ún ní osùn, kí ó bọ́ ọ, kí ó sì tẹ́ ẹ sùn fún ogójì ọdún. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó súnmọ́ ìfẹ́, tí ó sì súnmọ́ gbèsè. Ohun náà ni ó yẹ kí á tú wò: kí ni ère ń pa mọ́ fún ẹbí, ta ni ó sì ni ohun tí ó ń pa mọ́ náà nígbà tí ọwọ́ tí ń wẹ̀ ẹ́ bá ti kú?

Kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀ ná, nítorí pé orúkọ kan náà ni àwọn àlejò sábà máa ń fi pe méjèèjì. Ọmọlángidi ni ohun ìṣeré. Pákó pẹlẹbẹ tí a gbẹ́ orí sí ni ní ayé àtijọ́. Ọmọdébìnrin á fi aṣọ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á sì máa fún un ní ọmú tí kò tíì yọ. Ní abà tí gbẹ́nàgbẹ́nà kò sí nítòsí, kùkù àgbàdo tí a fi àkísà wé ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọmọ tí ó pọ̀n ọ́n kò sì bìkítà pé ohun tí ó wà lẹ́yìn òun kò ní ojú. Bí ọmọbìnrin náà bá dàgbà, ọmọlángidi á bọ́ sí ààtàn, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Ère ìbejì kì í bọ́ sí ààtàn. Ọmọlángidi ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́la. Ère ìbejì ń jẹ́ kí ìyá ṣe iṣẹ́ tí ì bá ti máa ṣe. Síbẹ̀, ògiri tí ó wà láàrin méjèèjì kò nípọn. Ìyá mìíràn a máa gbé ère náà fún èyí tí ó kù nínú àwọn ìbejì kí ó máa fi ṣeré, kí ọmọ náà lè mọ̀ láti kékeré pé òun nìkan kọ́ ni òun wá sáyé.

Igi ire ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ère náà. Gígùn rẹ̀ kì í ju bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ, ìyẹn ni pé ó ṣe é fi sí abẹ́ ìró, ó ṣe é gbé dání lọ sí ọjà. Orí rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ kí orí ènìyàn tóbi lọ, nítorí pé orí ni gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá kà sí àgbà ara. Wọn á fi ẹ̀lú tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ kun irun rẹ̀, wọn á fi osùn pa ara rẹ̀, wọn á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i ní ọrùn àti ní ìdí, wọn á sì wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí a fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí agbára ilé náà bá ká a. Bí a bá se ẹ̀wà fún ẹnì kejì rẹ̀, a ó fi díẹ̀ kan ẹnu rẹ̀. Bí a bá dá aṣọ fún ẹnì kejì rẹ̀, a ó dá tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òrìṣà ni ère yìí, kí ó sì dánu dúró níbẹ̀, kò tíì ṣe àlàyé kankan. Òtítọ́ ni pé a ń bọ ìbejì, òtítọ́ sì ni pé a so ọ̀rọ̀ wọn mọ́ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ìyá ń ṣe sí ère náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun tí ọwọ́ ìyá ń ṣe sí ọmọ ni.

Àṣà yìí ti wà tipẹ́. Ní 1830, nígbà tí Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ ń gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá láti Àgbádárìgì lọ sí Bussa, wọ́n pàdé àwọn obìnrin tí wọ́n gbé ère ọmọ kéékèèké lórí. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbọ́ pé àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú ni. Kò sì yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ère bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ìbejì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000 ní Igbó-Ọrà, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, kò ju bí 12 lọ. Ìbejì sì máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn, wọ́n a sì máa tètè dé kí oṣù wọn tó pé. Ilẹ̀ tí ìbejì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ní ìgbà tí ilé ìwòsàn kò sí, ni ilẹ̀ tí agbẹ́gilére kò lè ráyè sinmi. Ìtàn ẹnu kan náà sọ pé ìgbà kan wà tí Yorùbá fúnra wọn ka ìbejì sí èèwọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà di iyì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìrònúpìwàdà gbogbo ìran kan wà nínú ère náà pẹ̀lú ìbànújẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ wo ojú ère náà dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí a lè sọ nípa rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó yani lẹ́nu jù ni pé kò jọ ẹni tí a gbẹ́ ẹ fún. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tàbí ọmọ oṣù mẹ́ta ni ó lọ. Àgbàlagbà ni agbẹ́gilére gbẹ́ wá. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọmú rẹ̀ ti yọ. Ìlà ẹbí, ìbáà ṣe àbàjà tàbí pélé tàbí gọ̀mbọ́, wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò pẹ́ láyé tó ẹni tí olóólà ń fi abẹ kàn. Kò sí ẹni tí ó rí ojú yìí rí. Nígbà náà, kí ni a ń rántí? Bí baba bá kú, ìrántí rẹ̀ ní ohun tí ó lè dì mú: oko tí ó dá, ìbínú rẹ̀, bí ó ti máa ń wúkọ́ kí ó tó wọlé. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò ní ìwà tí a lè ròyìn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ní ojúde pé, ‘Ẹ rántí ọjọ́ tí Táyéwò ṣe báyìí.’ Ìgbésí ayé tí kò wáyé ni agbẹ́gilére gbẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé a kò lè pe èyí ní ìrántí rárá, pé ẹni tí ó ń wo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ń lálàá ni. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òtítọ́ títí a ó fi wo ọ̀dọ̀ ìyá. Obìnrin tí ó bí ìbejì ti fi oṣù mẹ́sàn-án gbé ẹni méjì. Ọmú méjì ni ó kún, ẹnu kan ni ó kù tí yóò mu ún. Ó ti mọ̀ pé òun yóò máa wẹ ọmọ méjì, òun yóò máa pọn ọ̀kan gbé ọ̀kan. Ohun tí ìyá yìí ń rántí ni iṣẹ́ tí ó kù sí òun lọ́wọ́, tí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á ti lọ. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò ní ìtàn tí ó lè sọ, nítorí náà ó ń wá ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Ọwọ́ náà ni ó sì ń ba ojú ère jẹ́. Omi, ọṣẹ dúdú, osùn, epo, àti ìka tí ń fi oúnjẹ kan ẹnu, ọdún dé ọdún. Imú á tẹ́, ojú á parẹ́, ìlà tí a fín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á di ohun tí a ń fi ìka wá kí á tó rí. Ère tí a tọ́jú jù ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Bí a bá rí èyí tí imú rẹ̀ ṣì mú tí ìlà rẹ̀ ṣì hàn ketekete, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé, tàbí pé a kò gbẹ́ ẹ fún ọmọ kankan, ọjà ni a gbẹ́ ẹ fún. Ohun tí a fẹ́ràn ní ilé Òyìnbó, inú gíláàsì ni wọ́n ń fi í sí kí ó má baà yí padà. Ìyá ìbejì kò bìkítà bóyá ó yí padà. Ìrísí kọ́ ni ó ń tọ́jú.

Ẹ̀rí mìíràn wà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí àwọn agbẹ́gilére ń dín kù, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ti di ilé Kristẹni tàbí ti Mùsùlùmí, àwọn ìyá kò ṣíwọ́. Marilyn Houlberg, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé ní 1973 nípa àwọn ìyá tí wọ́n fi ọmọlángidi onírọ́bà tí wọ́n rà lọ́jà dípò ère igi. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọn á ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn á sì tẹ fọ́tò méjèèjì pọ̀ kí ó dà bí ẹni méjì tí wọ́n jókòó pọ̀. Bí ìbejì náà bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tí ó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á ya fọ́tò. Á tún wọ aṣọ ẹnì kejì, á tún ya òmíràn. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn kan kẹ́gàn pé rọ́bà tí ó ní àwọ̀ Òyìnbó kò lè dúró fún ọmọ Yorùbá. Ẹ̀gàn náà kò wúlò; ère igi pẹ̀lú kò jọ ọmọ náà rí.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára jù èyí lọ wà ní ìkọjá òkun. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil kò lè kó àpótí ère lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Ìbejì dé ibẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ àwọn ẹni mímọ́ méjì ti ìjọ Àgùdà, Cosme àti Damião, àti títí di òní, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, àwọn ilé a máa se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, wọn a sì pe àwọn ọmọdé jọ láti wá jẹ ẹ́. Igi kò ká a mọ́. Síse àti bíbọ́ ni ó là á já.

Bí ó bá rí báyìí, ṣé igi náà kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Ṣé a lè tà á, kí á jó o, kí á fi dáná, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ìrántí, tí kì í ṣe ohun tí a gbẹ́? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1889, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ẹjọ́ ńlá kan ní ìlú Róòmù, wọ́n kan pósí òkúta ọmọbìnrin kan tí ó ti kú láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn Olúwa wa. Ọmọlángidi tí a fi eyín erin ṣe, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́ bí ti ènìyàn, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A mọ orúkọ ọmọbìnrin náà, Crepereia Tryphaena, nítorí pé wọ́n fín in sára òkúta. Ká ní wọn kò fín in ni, ọmọlángidi náà ì bá ṣì wà, yóò ṣì dára ní wíwò, kò sì ní í lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Igi àti eyín erin a máa pẹ́ ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè dárúkọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe ni pé wọ́n lè mú kí ẹni tí ó rí wọn béèrè pé, ‘Ta nìyí?’ Ìdí nìyí tí igi náà fi já mọ́ nǹkan. Ìbéèrè ni ó ń pa mọ́. Àwọn ènìyàn ni ó ń pa ìdáhùn mọ́. Bí ère bá kúrò ní ilé, ọmọdé kò ní í rí ohun tí yóò mú un béèrè. Bí àgbà bá lọ láìsọ, ère á wà nílẹ̀, ẹni tí yóò dáhùn kò ní í sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ wo ọ̀rọ̀ náà, irú èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo, tàbí ní abúlé èyíkéyìí ní ìhà Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà. Ibẹ̀ ni oko kòkó àwọn ará Ìbàdàn wà. Ilé ńlá wà ní ìgboro, abà wà ní oko, ẹbí kan náà ni wọ́n wà ní ibi méjèèjì. Ìyá kan bí ìbejì ní abà bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí kòkó ń ṣe dáadáa. Táyéwò, ọkùnrin, kò tíì rá kòrò kí ó tó lọ. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá náà tọ́jú ère yìí títí ó fi kú, Kẹ́hìndé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí Kẹ́hìndé ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò sì lè pọn omi mọ́. Ìgboro Ìbàdàn sì ti ń jẹ oko lọ. Wọ́n fẹ́ wó ilé alámọ̀ àtijọ́ náà kí wọ́n lè fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ tuntun. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ wá láti ìgboro láti kó ẹrù, wọ́n sì kan àpótí kan ní abẹ́ ibùsùn. Ère náà wà nínú rẹ̀, ó pupa fún osùn, ojú rẹ̀ sì ti parẹ́ tán.

Ọ̀kan nínú wọn ní kí á jó o. Kò yẹ kí á fi ojú aláìmoore wo ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà kí ó máa bọ igi, kò sì dá èyí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1930, nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn kó ère àti oògùn jáde fún jíjó. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ère ọmọ tirẹ̀ ti pinnu ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti pinnu. Ṣùgbọ́n ère yìí kì í ṣe ti ọmọ àbúrò. Kò wẹ̀ ẹ́ rí, kò bọ́ ọ rí. Kíkọ̀ láti bọ ọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Jíjó o kò sí níbẹ̀.

Èkejì mọ ẹnìkan ní ìgboro tí ń ra ohun àtijọ́. Kíá ni àwọn kan yóò ti fi òwe kọlù ú pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà bá a mu, ṣùgbọ́n kí á ro ti owó ilé-ìwé àti ti àìsàn tí ó lè wà nílẹ̀ kí á tó yọ ṣùtì. Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: láti 1953 ni òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti kọ̀ kí á kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ ohun tí ó burú jù nínú títà rẹ̀ ju ti òfin lọ. Olùrà kì í fẹ́ ère tuntun. Èyí tí ojú rẹ̀ ti parẹ́ ni ó ń wá, nítorí pé ojú tí ó parẹ́ ni ẹ̀rí pé a lò ó ní tòótọ́. Ohun tí ó ń san owó fún ni ọdún tí ìyá fi wẹ̀ ẹ́ àti ọdún tí Kẹ́hìndé fi wẹ̀ ẹ́. Owó iṣẹ́ àwọn obìnrin méjì ni, ẹni tí kò fa korobá omi kan rí sì ni yóò gbà á. Lẹ́yìn náà ère á kọjá òkun. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọn yóò fi síwájú rẹ̀ á sọ pé Yorùbá ni, igi ni, ọ̀rúndún kan báyìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ìbejì ni ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun. Ní 1980, Mareidi Stoll àti Gert Stoll tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Munich, wọ́n to àwọn ère wọ̀nyí ní ìlú-ìlú gẹ́gẹ́ bí ọnà ara wọn. Ìwé náà wúlò, kí á má purọ́. Ọ̀pọ̀ ère tí ikán ì bá ti jẹ ni a rí níbẹ̀, olùkọ́ sì lè fi kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ ọnà Abẹ́òkúta àti ti Ìgbómìnà. Ọnà lè sọ ìlú. Kò lè sọ orúkọ ìyá.

Ẹ̀kẹta ní kí á gbé e lọ sí ilé òun, kí á fi sínú gíláàsì ní yàrá àlejò. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ni ó gbọ́n jù nínú wọn, òun sì ni yóò rọrùn jù láti yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun tí yóò sọ bí àlejò bá béèrè pé kí nìyí. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé, ‘Ohun àtijọ́ ìdílé wa ni,’ a jẹ́ pé kò yàtọ̀ sí ìwé pẹlẹbẹ ti òkè òkun. Fífi nǹkan pamọ́ yàtọ̀ sí rírántí rẹ̀. Ẹni tí ó jó ère lẹ́yìn tí ó ti pe ọmọ ilé jọ, tí ó sọ fún wọn pé Táyéwò nìyí, ọmọ ìyá yín àgbà, tí ó ṣáájú Kẹ́hìndé wá sí ayé, lè jẹ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀tọ́ ju ẹni tí ó fi í sínú gíláàsì láìmọ orúkọ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a fi lè yí i.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń bá ìṣòro yìí yí. Àwọn ará Japan pẹ̀lú kì í lè sọ ọmọlángidi ilé wọn sí ààtàn bí èèpo ọsàn. Ní ilé ìsìn Kiyomizu Kannon-dō ní Ueno, nínú ìlú Tokyo, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ìdílé a máa kó ọmọlángidi tí wọn kò lè tọ́jú mọ́ wá. Àwọn àlùfáà á ka àdúrà lé wọn lórí, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó jó wọn. Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni í ni ó gbé e wá. A kò fi ọwọ́ ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó sùn.

Ní Ọlọ́runṣògo tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ni í jókòó ní abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ̀mí ìbejì bá so pọ̀ lóòótọ́, Kẹ́hìndé ni ọ̀rọ̀ náà kàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí kò bá sì so pọ̀, òun ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wẹ ère náà. Ọ̀nà méjèèjì ni ẹ̀tọ́ ti jẹ́ tirẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n gbé e sin sí ẹ̀gbẹ́ òun lọ́jọ́ tí òun bá lọ. Ó lè ní kí wọ́n gbé e fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ Táyéwò àti ti ìyá wọn síwájú rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tọ́jú ojú òun. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní ẹnu láti bá a wí.

Kẹ́hìndé pẹ̀lú kò mọ Táyéwò. Ọmọ ọwọ́ ni òun náà nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ohun gbogbo tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, ní òwúrọ̀, nígbà tí omi ń ṣàn lórí igi náà: pé igbe rẹ̀ le ju tirẹ̀ lọ, pé ọwọ́ òsì ni ó máa ń fi di ọmú mú, pé ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé ni ó lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì lè sọ ọ́ tán kí wọ́n tó di àpótí náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà ní ìta, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, kò sì tíì sí ẹni tí ó wọlé lọ bá a pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, màmá, irú ọmọ wo ni Táyéwò?’